Omi Ẹ̀fọ́ Tó Kù Nísàlẹ̀ Ife

Láti ọjọ́ tí Ìyá Àgbà ti di ẹni tí ọmọdé ń kúnlẹ̀ kí, kò tíì mu ife ohunkóhun gbẹ rí. Ìbáà ṣe tíì, ìbáà ṣe omi tútù, ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ẹnu kan kù sísàlẹ̀, kí ó sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé á ti tó o. Ìyá tó bí i ló fi òwe kọ́ ọ: àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kò sí ẹni tó ń lo igbá nínú ilé náà mọ́, ife onípáànù ni wọ́n fi ń mu nǹkan, ṣùgbọ́n òwe kì í bèèrè ohun èlò tó wà nílé kí ó tó ṣiṣẹ́.

Ẹni tó ń jẹ àǹfààní òwe yìí ni ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan tí kò tíì pé ọmọ iléèwé. Odídẹ ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé ohun tó bá gbọ́ ló máa tún sọ, ohun tó bá rí ló máa ṣe. Bí Ìyá Àgbà bá káwọ́ pọ̀nyìn tó ń rìn lọ, Odídẹ á káwọ́ pọ̀nyìn tẹ̀ lé e. Bí Ìyá Àgbà bá fi ọwọ́ ti ìbàdí tó ní eegun ń ro òun, Odídẹ náà á ti ìbàdí, á ní eegun ń ro òun, eegun tí kò tíì gbó tó ti àdìyẹ. Láràárọ̀, tí Ìyá Àgbà bá ti gbé ife tíì sílẹ̀, ọmọ náà á ti gbá a mú, á gbé e dojú dé ẹnu, á lu ìdí rẹ̀ kí ẹ̀kán tó kẹ́yìn lè já bọ́, á sì mí kanlẹ̀ bí arúgbó.

Bàbá Odídẹ ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Àgbà bí. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló gbá a nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ìyá. Nígbà tí wọ́n sin ín, àwọn èèyàn sunkún, ìyàwó rẹ̀ sunkún títí ohùn rẹ̀ fi lọ, ṣùgbọ́n ojú Ìyá Àgbà gbẹ fúrúfúrú. Kì í ṣe pé ó ń ṣe akin. Ara rẹ̀ ló kú. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá sùn lé apá, tó jí, tí apá náà wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò dà bíi tirẹ̀ mọ́? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo inú rẹ̀ rí. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń dáhùn tí wọ́n bá kí i. Àwọn aládùúgbò ní ọ̀dájú ni. Ó gbọ́ ọ, kò sì dùn ún, nítorí kò sí ohun tó ń dùn ún.

Ohun tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un láyé ni ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé. Iṣẹ́ bátìrì ọkọ̀ ni ọmọ náà ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Á tú bátìrì tó ti kú, á da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, á yọ́ òjé inú rẹ̀, á tà á. Nígbà tó wá ríṣẹ́ oṣooṣù sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bébà, ó kó gbogbo pàǹtírí kúrò ní ẹ̀yìnkùlé, ó ro ilẹ̀ náà, ó kọ ebè, ó gbin tẹ̀tẹ̀ àti kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì. Ó ní ilẹ̀ tó bọ́ òun, á bọ́ ọmọ òun. Ilẹ̀ gbọ́ o. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ̀ láwùjọ ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ tibẹ̀ yẹn, ewé rẹ̀ fẹ̀ débi pé èèyàn lè fi bo orí nínú òjò. Lẹ́yìn tí olóko ti lọ, Ìyá Àgbà ń bomi rin ín láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ìyàwó ń sè é, wọ́n ń jẹ ẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ lọ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Odídẹ. Ó ń rù. Èyí tó tiẹ̀ dẹ́rù ba ìyá rẹ̀ jù ni pé ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, á wojú wọn, á wulẹ̀ tún ọ̀rọ̀ méjì tó kẹ́yìn sọ, á tún dákẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ náà.

Nọ́ọ̀sì tó ṣàlàyé fún wọn jẹ́ obìnrin sísanra kan tó so gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́rùn. Ó bèèrè iṣẹ́ tí bàbá ọmọ ń ṣe. Wọ́n sọ fún un. Ó bèèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n sọ fún un, ó sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ ni," ó ní. "Òjé yẹn ti pẹ́ nínú ilẹ̀ yín. Ẹ̀fọ́ ń fà á mu, ọmọ sì ń jẹ ẹ̀fọ́. Ẹ má jẹ nǹkan kan láti ibẹ̀ mọ́."

Ìyá Àgbà wá bèèrè pé tó bá jẹ́ pé ó di dandan kí àwọn jẹ ẹ́ ńkọ́. Nọ́ọ̀sì ní kò sí dandan kankan níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tó rí i pé ìyá náà kò dìde lórí àga, ó sọ bí wọ́n ṣe ń dín in kù fún un. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ lómi púpọ̀, kí wọ́n fi fínígà díẹ̀ sínú omi kan, nítorí pé iyẹ̀pẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ara ewé ló burú jù. Kí wọ́n bọ́ ewé ìta kábéèjì dànù. Kí wọ́n bó kárọ́ọ̀tì kí èèpo rẹ̀ nípọn. Kí wọ́n bọ ẹ̀fọ́ nínú omi tó pọ̀, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì da omi náà nù. Ó ní díẹ̀ nínú òjé á bá omi lọ, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o, èyí tó ti wọ inú ewé kò ní jáde tán láé. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ padà wá fún àyẹ̀wò.

Bí wọ́n ṣe délé lọ́jọ́ yẹn ni ìyàwó ì bá ti pe àwọn tó máa hú ọgbà náà, kí wọ́n sì da kọnkéré lé e lórí. Aránṣọ ni ìyàwó yìí, aṣọ iléèwé ló ń rán fún ilé-iṣẹ́ kan. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀rọ̀ kan tó bá sì sọ, ó ti gé e, ó ti wọ̀n ọ́n. Ìyá Àgbà kò bá a jà. Ó kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìyàwó," ó ní, "ọwọ́ rẹ̀ ló wà nínú ilẹ̀ yẹn."

Omi kó sí ìyàwó lójú. Ọkọ òun náà ni. Ó ní ó dáa, àwọn á máa ṣe é bí nọ́ọ̀sì ṣe wí títí di ọjọ́ àyẹ̀wò. Bí òjé bá ti lọ sílẹ̀ lára ọmọ, kí ọgbà wà. Bí kò bá lọ sílẹ̀, kí ọgbà lọ, kí Màmá má sì bẹ òun. Bí ọ̀rọ̀ ọgbà ṣe di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ Odídẹ nìyẹn.

Ẹ ò bá rí wọn nínú ilé ìdáná yẹn. Ìyàwó á da ẹ̀fọ́ sínú bàsíà, á fi ọwọ́ méjèèjì rú u bí aṣọ, á kó o jáde, á fi ìka ra ìsàlẹ̀ bàsíà wò. Tí ìka bá ti kan iyanrìn, á tún omi bù. Omi àkọ́kọ́ á pupa, èkejì á ṣe ràkọ̀ràkọ̀, títí yóò fi mọ́ gaara, tí òórùn fínígà á sì máa ta èèyàn nímú. Ìyá Àgbà ló ń bó kárọ́ọ̀tì. Ahun ni lórí èèpo tẹ́lẹ̀, èèpo tó bá bó, èèyàn lè kàwé láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ní báyìí ó ń gé e kúrò gbùn-ún gbùn-ún, kárọ́ọ̀tì tó wọlé bí àtàǹpàkò á jáde bí ìka Odídẹ. Ọ̀bẹ gé e lọ́wọ́ nígbà kan. Ìyàwó ló rí ẹ̀jẹ̀, òun kò mọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bọ ẹ̀fọ́, tí ìyàwó sẹ́ ẹ sínú kòkò, tó fẹ́ da omi ẹ̀fọ́ náà sí sínkì, Ìyá Àgbà di etí kòkò mú. Ó ní páìpù á dí, kí ó jẹ́ kí òun lọ dà á sí gọ́tà lẹ́yìn ọgbà. Ìyàwó fún un.

Ó gbé kòkò dé orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Omi náà ṣú, ó ń ṣe èéfín. Ohun tí ọmọ rẹ̀ gbìn ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ní kí òun lọ dà sí gọ́tà níbi tí àwọn ewúrẹ́ ń tọ̀ sí. Wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti fún wọn. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e. Ó wọlé mú ife onípáànù rẹ̀, ó bu omi náà, ó mu ún. Ìtọ́wò iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ àti ìtọ́wò ṣíbí onírin. Ó gbóná. Ó gbóná lọ sí ọ̀nà ọ̀fun, ó gbóná dé àyà, ó dé ibi kan tí nǹkan kan kò tíì dé láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń mọ bó ṣe gbóná.

Kì í ṣe pé ó gbàgbé ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Ó rò ó pé ọmọdé ni òjé ń bà jẹ́, kí ló kù lára òun tó fẹ́ bà jẹ́? Omi là á bù wẹ̀, omi là á bù mu, ẹnikẹ́ni kì í bá omi ṣọ̀tá. Èèyàn tó bá ti fẹ́ ṣe ohun tó wù ú, òwe kì í wọ́n ọn. Bó ṣe di ìṣe rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti bọ ẹ̀fọ́, ìyàwó á máa se ọbẹ̀ nínú ilé, òun á gbé kòkò jáde, á mu ife kan, á gbé ife náà sórí àtẹ̀gùn, á wá gbé kòkò lọ sí gọ́tà lẹ́yìn ọgbà. Ọ̀nà náà jìn díẹ̀ fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Tó bá padà dé, á mú ife, á wọlé.

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò kò, gbogbo wọn ni wọ́n lọ. Òjé kò lọ sílẹ̀ lára Odídẹ. Ó ti lọ sókè.

Nọ́ọ̀sì ní kí ìyàwó sọ gbogbo bí ó ṣe ń ṣe é. Ìyàwó sọ ọ́ láti orí bàsíà dé orí kòkò, kò fo nǹkan kan, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì bó ṣe ń sọ ọ́, fínígà ti bó awọ orí ìka rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò rí ibi tó fẹ́ dì mú. Ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

"Omi tí ẹ fi bọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"À ń dà á nù," ìyàwó ní.

Nọ́ọ̀sì kọjú sí Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ní, "À ń dà á nù."

"À ń dà á nù," Odídẹ náà wí, lórí itan ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ yẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyàwó kò bọ́ bàtà kí ó tó sọ ọ́. "Màmá, mo ti fọ̀ ọ́ tó. Lọ́la ni wọ́n ń bọ̀ wá hú u." Lẹ́yìn náà ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò sì rán nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó sórí itan, ó ń wò ó, ó ń wá ibi tí òun ti ṣàṣìṣe. Ìyá Àgbà rí i. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe òun. Ó dúró díẹ̀ kí àánú náà dé. Kò dé, ó sì lọ sí ọgbà.

Ó já tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn, èyí tó máa tó òun nìkan. Kò sí ẹni tó ní kí ó fọ̀ ọ́ mọ́, síbẹ̀ ó fọ̀ ọ́, ó fi ìka ra ìsàlẹ̀ bàsíà, ó tún un fọ̀. Ó bọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ. Ó gbé kòkò omi jáde sórí àtẹ̀gùn, ó bu ife kan, ó mu ún díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ebè tí ọmọ rẹ̀ kọ. Ó gbé ife sílẹ̀, ó gbé kòkò, ó lọ sí gọ́tà. Ó ti dà á tán, ó fẹ́ gbọn kòkò náà, ló bá bojú wẹ̀yìn.

Odídẹ wà lórí àtẹ̀gùn. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ìbàdí. Ó fi ìkejì gbé ife dojú dé ẹnu, ó ń lu ìdí ife náà.

Ìyá Àgbà kò sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gbọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ náà ti mí kanlẹ̀ bí arúgbó, ó sì ti nu ẹnu. Omi ẹ̀fọ́ wà létí ètè rẹ̀.

"Kí lo mu yẹn?"

"Tèmi ni."

"Tìrẹ báwo?"

"Èyí tẹ́ ẹ ṣẹ́ kù fún mi."

Ìyá Àgbà gba ife náà, ó wo inú rẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀fọ́ díẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ó bèèrè pé ṣé ó ti ń mu ún tipẹ́. Odídẹ wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà kò mọ́gbọ́n dání.

"Nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá mu tiyín," ó ní.

Ta ló pè é wá? Kò sí. Ta ló bu ú fún un? Ìyá Àgbà kò lè rántí ìgbà kankan tó rò ó lọ́kàn pé kí òun ṣẹ́ ẹ kù. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti fi kọ́ ọwọ́ náà, kò sì sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ti eléyìí yàtọ̀. Ìyàwó ń bó èèpo ìka rẹ̀ nínú bàsíà kí òjé má bàa kan ọmọ, òun ń gbé èyí tó ki jù níbẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọ á ti tó o.

Nígbà náà ni nǹkan wá dùn ún. Ẹ rántí apá téèyàn sùn lé. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń padà wọ inú rẹ̀, ṣé kì í ṣe bí abẹ́rẹ́ ló máa ń ta èèyàn? Ó mú un láyà, ó mú un níkùn, ó mú un ní orúnkún. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọgbà, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lásán hú u. Ó hú tẹ̀tẹ̀, ó hú kábéèjì, ó fa kárọ́ọ̀tì tí kò tíì ju ẹ̀yìn ọ̀bẹ lọ. Ó ń sunkún, kì í ṣe ẹkún wẹ́wẹ́, ẹkún tó yẹ kó ti sun nídìí sàréè ló ń sun. Àwọn aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé.

Ìyàwó sáré jáde. Ó dúró sórí àtẹ̀gùn, tẹ́ẹ̀pù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Èmi ni," Ìyá Àgbà ní. Kò gbójú sókè. "Kì í ṣe ìwọ. O ò ṣe nǹkan kan tí kò dáa. Èmi ni mò ń mu omi rẹ̀ níbí, mo sì ń ṣẹ́ kù fún un."

Ìyàwó wo ife. Ó wo ẹnu ọmọ. Ó gbé ọmọ wọlé, Ìyá Àgbà sì ń gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń ya, ó ń ya, ó ń ya. Ó ti ń retí èébú. Ì bá ti gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ìyàwó padà jáde, ohùn rẹ̀ kò ga ju bó ṣe máa ń wà lọ.

"Ẹ dìde, Màmá, ẹ fọwọ́ yín. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ̀yin náà ń bá wa lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀."

Kò sí ẹni tó dárúkọ ìdáríjì, ní ọjọ́ náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó ń kí i láàárọ̀, ó ń bu oúnjẹ fún un, ó sì ń wo ibi tó bá gbé ife sí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi abẹ́rẹ́ gún Ìyá Àgbà lápá, ó ní ó dun òun, nọ́ọ̀sì sì ní kí ó pẹ̀lẹ́. Òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà. Ti Odídẹ, nọ́ọ̀sì ní níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti sí èyí tó ń wọlé mọ́, yóò máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ á padà sẹ́nu rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní òun kò lè purọ́ fún wọn, òun kò mọ̀.

Wọ́n ti da kọnkéré sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀fọ́ ọjà ni wọ́n ń jẹ, ìyàwó ṣì ń fọ̀ ọ́ lọ́nà kan náà, Ìyá Àgbà ń bó kárọ́ọ̀tì, sínkì ni wọ́n sì ń da omi rẹ̀ sí lójú gbogbo wọn. Láàárọ̀, Ìyá Àgbà jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú tíì rẹ̀. Tíì lásán ni, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó mu ún dé ibi tó máa ń dá a dúró sí, ó dúró, ó wá mu ìyókù.

Odídẹ káwọ́ pọ̀nyìn, ó yọjú wo inú ife náà.

"Tèmi dà?"

"Kò sí," Ìyá Àgbà ní.

"Kò sí," Odídẹ wí.

Ìyá Àgbà di ara ògiri mú, ó dìde. Ó gbé ife náà fúnra rẹ̀, ó sì wọlé lọ fọ̀ ọ́.